Kànga Ọmọọba ní Tọ̀mẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, omi mẹ́ta ni a ní ní Tọ̀mẹ̀, kò sì sí ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Òkun wà níwájú, ti ẹja àti ti ẹ̀rù. Ọ̀sà wà lẹ́yìn, ti ọkọ̀ àti ti ìlú, nítorí òun ni a ń là kọjá bí a bá ń lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ̀kẹta kò ju ihò kan lọ nínú iyanrìn láàárín àwọn igi àgbọn, òun sì ni omi mímu. Bí ẹ bá gbé ìrẹsì kaná kí ẹ tó gbéra létí ọ̀sà, ẹ ó rìn dé etí òkun, ẹ ó padà, kò ní tíì jinná. Ilẹ̀ wa kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Ègùn tó tẹ̀ ẹ́ dó ló sọ ọ́ ní Tọ̀mẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "inú omi" lọ. Wọ́n wò yíká, wọ́n rí omi, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ká ní gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Ajídò tàbí Aradágún nítòsí wa ò ní béèrè bí ilé wa ṣe ń rùn. Èéfín ẹja ni. Màmá mi ń yan ẹja ṣawá lórí ààrò amọ̀, èèpo àgbọn ló fi ń dáná, èéfín náà a sì máa wọ inú aṣọ, inú irun, inú ìwé. Nígbà tí mo wá lọ sí ilé-ìwé girama ní ìlú, kí n tó sọ orúkọ mi ni wọ́n ti mọ ibi tí mo ti wá. Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú edé tí a fi ata dín. Lọ́sàn-án, gàrí tí a fi omi àgbọn rẹ, tí a rin àgbọn lé lórí. Bí ara rẹ kò bá yá, wọ́n á fún ọ ní omi àgbọn. Bí ara rẹ bá yá, wọ́n á tún fún ọ ní omi àgbọn kí àìsàn náà má baà padà wá. Gúrúńdì, àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà dín, nìkan ni wọ́n máa ń fi pamọ́ fún wa, a sì mọ gbogbo ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí.

Iṣẹ́ àárọ̀ tèmi ni omi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mò ń wí yìí, èmi sì ni àgbà nínú àwọn ọmọ ilé. Èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, la jọ máa ń lọ sí kànga kí oòrùn tó yọ lórí ọ̀sà. Ẹ má rò pé kànga oníbíríkì ni. Iyanrìn ni ilẹ̀ wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ a máa léfòó sórí omi iyọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀, bí epo ṣe ń léfòó sórí ọbẹ̀. Bí o bá wa ilẹ̀ jìn dé ìbàdí àgbàlagbà, wàá rí omi tó dùn. Bí o bá ní kí o wà á jìn sí i kí omi lè pọ̀, iyọ̀ ni wàá kàn, ihò yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ibi tí omi dídùn yìí wà gan-an kò sì tóbi ju àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Kọjá ibẹ̀, ibikíbi tí o bá ti walẹ̀, òkun ló ń dáhùn.

Nítorí náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. A ó bọ́ bàtà. A ó jókòó sí etí ihò, a ó máa fi ahá, igbá kékeré, bu omi láti ojú rẹ̀, láì rú ìsàlẹ̀. A gbọ́dọ̀ máa pọn ọ́n lójoojúmọ́, nítorí bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láì jẹ́ pé ẹnì kan bù ú, á di àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fi korobá bu omi dípò ahá, orí iyanrìn gbígbóná ni Ìyá Àgbà á ní kó kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ á wà lókè, á sì máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fò suwé. Mo mọ ìyà yìí dáadáa. Mo lè sọ fún yín iye ìṣẹ́jú tí ọwọ́ ọ̀tún fi máa ń rọ ṣáájú ti òsì.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, etí ihò náà á wó, àwọn obìnrin á sì sún ìṣísẹ̀ mélòó kan lábẹ́ àwọn igi àgbọn yẹn kan náà, wọ́n á wa òmíràn. Kò sí ayẹyẹ kankan níbẹ̀. Èyí tí a ń pọn nígbà náà, ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin ni Ìyá Àgbà àti àwọn obìnrin mẹ́ta wà á. Mo fi ọdún mẹ́rin ju kànga náà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú.

Bàbá mi ni tíṣà. Ilé-ìwé wa ní kíláàsì mẹ́fà àti tíṣà méjì, èkejì sì máa ń ṣàìsàn nígbà tí ẹja bá pọ̀. Bàbá kì í wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú láì so táì mọ́rùn. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà á gbé táì náà, á fi gbá a lójú, á gbé e sórí èjìká awakọ̀, Bàbá á rọra fà á padà, á tún un so, á sì máa wo iwájú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún kan, àlùfáà kan tó ń fẹ̀yìn tì ní ìlú gbé àpótí ìwé kan fún un. Ikán ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìwé pẹlẹbẹ kan sílẹ̀, bóyá nítorí pé bébà rẹ̀ ń dán. Ìwé fún àlejò tó bá fẹ́ lọ wo erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì ni. Àwòrán ilé funfun wà níbẹ̀, àti òkun tó dà bí ẹni pé wọ́n fi aró pa á, àti àwọn òpó òkúta tó ti wó lulẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò nídìí wọn, àti ìsun omi kan tí wọ́n ní ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ilẹ̀ náà wẹ̀ níbẹ̀ láéláé. Bàbá ka ìwé yìí títí àwọn ojú ewé rẹ̀ fi ń já bọ́, Màmá mi bá fi okùn àwọ̀n rán an. Ó mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, oṣù tó dára jù láti lọ, àti irú bàtà tí ó yẹ kí ènìyàn wọ̀ gun òkè ibẹ̀. Nídìí oúnjẹ, á máa sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì rìn kọjá Èkó rí.

"Kí ni wọ́n ní tí a ò ní?" ló bi wá lọ́jọ́ kan.

Ìyá Àgbà ní wọ́n ní òkè. Bàbá ní òkè kò ṣe pàtàkì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wa. Wọ́n ní òkun, tiwa sì pariwo ju tiwọn lọ. Wọ́n ní iyanrìn. Bí iyanrìn bá jẹ́ aṣọ ni, kò sí ẹni tí ìbá rìnhòòhò ní Tọ̀mẹ̀. Wọ́n ní èso ólífì, àwa ní àgbọn, ìwé tiwọn fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé èso ólífì korò kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ohun tó yọ ọ́ lẹ́nu ni òkúta, nítorí kò sí òkúta tó tó ẹyin adìyẹ ní gbogbo ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ símẹ́ǹtì kan wà létí ọ̀sà, níbi tí oníṣòwò kan kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí kí ìjì tó gbé òrùlé rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni àwọn ewúrẹ́ máa ń sùn sí. Bàbá pè é ní Àwókù Ààfin.

Mi ò fẹ́ kí ẹ fi Bàbá ṣẹ̀sín jù. Nígbà náà, àwọn àlejò ti ń wá sí Àgbádárìgì láti wo ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn lẹ́rú sínú ọkọ̀. Wọ́n á rí ẹ̀wọ̀n, wọ́n á rí yàrá tóóró, wọ́n á sunkún, ọkọ̀ á sì gbé wọn padà sí Èkó. Bàbá ní ẹni tó bá ti sunkún bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí kí ojú rẹ̀ gbẹ, kí ó mu omi àgbọn, kí ó wo òkun. Títí di òní, mi ò rí ohun tó burú nínú èrò náà. Ibi tó ti burú ni pé kò gbà pé òkun tó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tirẹ̀. *Tọ̀mẹ̀: Ìtàn àti Ẹwà Rẹ̀ fún Àlejò* ni ó pè é. Ohun gbogbo lọ dáadáa títí ó fi dé orí ìsun omi. Ó ronú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó ronú tán, kànga tí mo fi ọdún mẹ́rin jù lọ ti di ẹni ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ọmọọba kan ló sá fún ọkọ tí wọ́n fẹ́ fi tipátipá fún un, Bàbá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ kékeré, ìgbì gbé e jù sí Tọ̀mẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó sunkún fún ọjọ́ méje. Ibi tí omijé rẹ̀ kán sí ni omi dídùn ti sun jáde.

Ó kà á fún wa. Ìyá Àgbà ń họ ìpẹ́ ẹja, kò gbójú sókè.

"Omijé máa ń ní iyọ̀," ló wí. "Báwo ni tirẹ̀ ṣe dùn?"

"Màmá, ìtàn ni."

"Mo gbọ́. Ta ló ń fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ méje?"

Bàbá padà sídìí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìdánwò ilé-ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọọba sunkún.

Èmi ni wọ́n fi ṣe ẹnu ìtàn náà. Bàbá mú kí n kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí, lẹ́yìn ilé-ìwé, nígbà tí àwọn yòókù ń lé akàn létí òkun. Bí mo bá gbàgbé "ọ̀ọ́dúnrún ọdún", pàṣán kan. Bí mo bá pe "omijé" láì gbé ọwọ́ lé àyà, pàṣán méjì. Àwọn awakọ̀ ń fún àwọn àlejò ní ìwé náà ní ìlú, àwọn àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá, díẹ̀díẹ̀. Màá dúró létí kànga pẹ̀lú gáùn ọjọ́ Ìsinmi mi, màá máa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan obìnrin òyìnbó kan, yòvó ni àwa ń pè wọ́n, sunkún níwájú mi. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti ń fi tèmi kún un. Mo ní ìran ọmọọba náà ni wá, láti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi. Bàbá gbọ́ ọ, ó wò mí, kò nà mí. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wà níbẹ̀.

Báyìí ni ìgbìmọ̀ kan ṣe gbọ́ nípa wa ní Èkó, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wá ibi tí àlejò lè lọ wò. Alága wọn jẹ́ ọkùnrin tó máa ń mí sínú kí ó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ ru ẹrù. Ó yí kànga náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní nǹkan iyebíye nìyí, ó sì ya òun lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò pé oṣù kan, ọkọ̀ gbé òpó irin dé, àti wáyà, àti símẹ́ǹtì. Wọ́n fi símẹ́ǹtì yí etí kànga ká. Wọ́n fi ọgbà yí gbogbo ibi tí omi dídùn wà ká, igi àgbọn àti gbogbo rẹ̀, wọ́n fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ sì bá Alága lọ sí Èkó. Pátákó kan dúró níwájú: KÀNGA ỌMỌỌBA. Ẹ MÁ ṢE FỌWỌ́ KAN OMI. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ Bàbá, wọ́n pè é ní òpìtàn. Wọ́n ní bí wọ́n bá wá ṣí i ní gbangba, wọn yóò fún un ní àga nínú ìgbìmọ̀ náà. Mo rí i tó ń fi aṣọ nu eruku kúrò lára orúkọ rẹ̀.

Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin dé pẹ̀lú ìkòkò wọn, wọ́n dúró sẹ́yìn wáyà. Ṣé ẹ mọ bí ewúrẹ́ ṣe máa ń wo iṣu tó wà nínú ilé? Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń wo kànga wa. Àwọn kan wa ihò sẹ́yìn ọgbà, iyọ̀ ni. Àwọn tó lágbára ń wa ọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ pọn omi ní òdìkejì, oòrùn á ti mú kí wọ́n tó padà, ẹja tó yẹ kí wọ́n yan á ti máa rùn. Àwọn tí kò lágbára ń mu omi inú ihò iyọ̀. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbẹ́ gbuuru ti mú àwọn ọmọ, àbúrò mi sì wà lára wọn. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti bó. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí n sinmi, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá mi ń fi ṣíbí fún un ní omi àgbọn, kò sì bá Bàbá sọ̀rọ̀.

Àwọn obìnrin ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń kọjá lọ sí ilé-ìwé, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á kúnlẹ̀, ọ̀kan á sì béèrè pé, "Tíṣà, ọmọọba ti mu tirẹ̀ tán? Ṣé ó kù díẹ̀ fún wa?"

Bàbá ti gbìyànjú. Ó sọdá lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, ó béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kí àwọn obìnrin máa pọn omi ní ìdájí nìkan. Wọ́n dá a lóhùn pé omi ọ̀ọ́dúnrún ọdún ti kọjá èyí tí ènìyàn ń fi se ọbẹ̀. Ó délé, ó jókòó láti kọ lẹ́tà, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ya á lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mo gbá bébà náà. Nígbà yẹn, mo rò pé gírámà ló ń wá. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé kò sí ọ̀nà tó lè gbà tọrọ kànga náà padà láì jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀, òun sì ni tíṣà, òun ló ń na ọmọ tó bá purọ́.

Ọjọ́ ìṣíde pé. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga, Màmá mi àti àwọn obìnrin yòókù se ìrẹsì alágbọn pẹ̀lú omi tí wọ́n gbé ní òdìkejì ọ̀sà. Alága àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé láti Èkó, wọ́n jókòó. Bàbá so táì. Nínú ọgbà, omi kànga ti di àwọ̀ ewé, ẹnì kan láàárín àwọn àlejò sì ń ṣàlàyé fún ẹnì kejì rẹ̀ pé àwọ̀ ìgbàanì nìyẹn.

Mo sọ ìtàn mi. Mi ò gbàgbé nǹkan kan, ọwọ́ mi dé àyà nígbà tó yẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága wá ní kí ìran ọmọọba, ìyá àgbàlagbà yẹn, fi ọ̀rọ̀ kan tọrẹ kí òun tó gé okùn. Bàbá ti yá ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kan sí i lọ́rùn fún iṣẹ́ yìí. Ìyá Àgbà dìde. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, òun ló fi ń tajà ní ìlú, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni wọ bàtà ẹlòmíràn. Èdè Ègùn ló fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì yíjú sí Bàbá láti túmọ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta ló wa kànga yìí, méjì nínú wọn ló jókòó sọ́hùn-ún, ọdún tí wọ́n bí ọmọkùnrin tó wà lórí ẹní nínú ilé òun ni. Ó ní òun kò mọ ọmọọba kankan. Ó ní kí wọ́n ṣí i.

Ó parí síbẹ̀. Gbogbo Tọ̀mẹ̀ mọ ohun tó wí, nítorí gbogbo Tọ̀mẹ̀ gbọ́ Ègùn. Lábẹ́ àtíbàbà, kò sí ẹnì kan tó gbọ́ ọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúró. Bàbá lè sọ ohunkóhun tó bá wù ú. Ó lè ní ìyá òun ń súre fún ìjọba. Àga rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan táì rẹ̀, ó tún un so.

"Màmá mi ní," ló wí, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. "Màmá mi ní òun ló wa kànga yìí. Ó ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni. Ó ní kí ẹ ṣí i, omi iyọ̀ ni àwọn ọmọ wa ń mu."

Alága rẹ́rìn-ín. Ó mí sínú, ó ní òun mọ àwọn àgbà, wọn kì í fi àṣírí ilẹ̀ wọn han àlejò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn rẹ̀ mi orí. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kò sí àṣírí, sà," Bàbá wí. "Irọ́ ni mo pa. Inú ìwé àwọn ará Gíríìsì ni mo ti wò ó."

"Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé tiyín náà."

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà."

Alága wo ìwé náà. Ó wo Bàbá. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí tí yóò gbà á, ó yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ ńkọ́? Kí ni o rí sí i?"

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun mìíràn ní ayé mi nígbà náà tó ń mú kí àgbàlagbà dákẹ́ láti gbọ́rọ̀ mi. Mo wo ẹ̀yìn àtíbàbà, mo rí Màmá mi pẹ̀lú ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́.

"Mo fi ọdún mẹ́rin ju kànga náà lọ, sà," ni mo wí.

Wọn kò bínú tó bí mo ṣe rò. Wọ́n jẹ ìrẹsì tán ná. Alága wá mí síta, mí síta gan-an, ó ní òun kò lè fi òpó irin ìjọba ṣọ́ ihò tí ọmọ kékeré dàgbà jù lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fa òpó náà tu, wọ́n ká wáyà, wọ́n gbé pátákó náà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú orúkọ Bàbá lójú rẹ̀. Wọ́n gbé àga náà lọ pẹ̀lú. Símẹ́ǹtì nìkan ni wọn kò lè tú.

Omi inú símẹ́ǹtì yẹn ti bàjẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Bàbá ló gbé ọkọ́ lọ sábẹ́ àwọn igi àgbọn, nínú ṣòkòtò àtijọ́, láì so táì. Ọkùnrin kì í wa kànga ní Tọ̀mẹ̀. Àwọn obìnrin dúró yí i ká, wọ́n ń tọ́ ọ sọ́nà, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Omi yọ. Inú Bàbá dùn, ó fẹ́ kí omi náà pọ̀, ó tún gbé ọkọ́ sókè.

"Ó tó," Ìyá Àgbà wí.

Bàbá ní díẹ̀ ló kù.

"Máwutín, mo ní ó tó." Orúkọ tí ó sọ ọ́ gan-an ló fi pè é.

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. A dúró kí omi náà tòrò. Ahá àkọ́kọ́, àbúrò mi ni wọ́n gbé e lọ fún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń jí gúrúńdì. Ní ìlú, wọ́n ń pe Bàbá ní Tíṣà Ọmọọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ń dáhùn. Kò kọ ìwé mìíràn mọ́. Àwọn àlejò dínkù, àwọn tó wá sì mu omi àgbọn, wọ́n wo òkun, wọ́n lọ.

Bàbá àti Ìyá Àgbà ti lọ, Tọ̀mẹ̀ sì ti yàtọ̀. Mi ò ní bá àwọn tó ń sọ pé ohun gbogbo dára láyé àtijọ́ kẹ́gbẹ́. Mo ti sọ fún yín nípa pàṣán, mo sì ti sọ fún yín nípa ìgbẹ́ gbuuru. Nísinsìnyí iná wà, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wà, ilé-ìwé ní tíṣà mẹ́jọ. Ilé ìtura kan wà létí òkun, òdòdó oníke ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn àlejò ń dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, kì í ṣe kí wọ́n lè sinmi, bí kò ṣe kí ẹlòmíràn lè rí i lórí fóònù pé wọ́n ń sinmi. Èmi náà ti kàwé dé ibi tí wọ́n ń pè mí láti wá sọ̀rọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí wọ́n tó ka àwọn oyè mi tán, ebi á ti máa pa àwọn tó jókòó. Ilé ìtura náà gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ náà lágbára, ó wọlẹ̀ jìn gan-an, iyọ̀ ló sì ń fà jáde. Omi inú ọ̀rá ni gbogbo Tọ̀mẹ̀ ń mu, ọkọ̀ ló ń gbé e wá. Kò sí ọmọ tó mọ ahá mọ́. Ọ̀pọ̀ igi àgbọn yẹn ti kú, iyanrìn sì ti bo ihò ìkẹyìn. Nígbà tí mo fẹ́ fi ibẹ̀ han ọmọbìnrin mi ní ọdún tó kọjá, ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo nawọ́ sí.

Ó fi eyín fa ọ̀rá omi rẹ̀ ya, ó mu ún, ó ń wo iyanrìn náà. Ó béèrè bí omi yẹn ṣe rí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ wá sí mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ó pọ̀ nínú mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó tutù bí òwúrọ̀, pé òórùn àgbọn wà nínú rẹ̀, pé mi ò tíì mu irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ náà. Ọwọ́ mi ti ń lọ sí àyà mi kí n tó rí i. Mo gbé e sílẹ̀.

"Kò ní iyọ̀," ni mo sọ fún un.